Ìbéèrè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Mí

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí àga onígi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹ má rò pé àga náà ṣubú lù mí o. Ó dúró jẹ́jẹ́ rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi tí mo kàwé jù ni mo lọ wá ìjà rẹ̀.

Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti dàgbà, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ibẹ̀ ni bàbá mi tó wá láti Ìkìrun ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike ló máa ń wà. Télọ̀ ni ìyá mi, Màámi ni mo ń pè é. Aṣọ akọrin ìjọ ló mọ̀ ọ́n rán jù, iṣẹ́ náà ò sì wọ́n nígbà náà, nítorí bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni ìjọ tuntun ń gbé pátákó kọ́ ládùúgbò wa. Bí ìjọ kan bá sì ti kọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀ tán, yunifásítì ló kàn. Màámi a máa rẹ́rìn-ín pé níbi tí wọ́n ti ń wa ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀, gírádúéètì ni wọ́n ń wa níbẹ̀ báyìí.

Ìṣègùn ni mo fẹ́ kà, ṣùgbọ́n máàkì mi ò dé ibẹ̀, wọ́n bá fún mi ní Bayokẹ́mísìrì. Ìyẹn ò dààmú Màámi rárá. Ó ní, "Ṣebí ọ̀rọ̀ inú ara ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀? Inú ara yẹn náà kọ́ ni dókítà ń wò?" Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé gan-an ló rán kóòtù dókítà fún mi, láti ara aṣọ funfun tó ṣẹ́ kù nígbà tó ń rán aṣọ àwọn akọrin. Kóòtù náà ń dán, apá rẹ̀ sì fẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ darí orin. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Ìyá Dókítà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mi ò sì tíì mọ apá ibi tí ẹ̀dọ̀ wà lára ènìyàn.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ka Bayokẹ́mísìrì, mo sì rò pé ìyà ni mò ń jẹ. Ẹ gbọ́ irú ìyà tí mò ń jẹ. Ìwé kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo ohun tí a bá kọ́ láàárín oṣù mẹ́rin. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, n óò wá ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, n óò há a sórí, n óò wọlé, n óò sì fa ilà sábẹ́ èyí tó tọ́ nínú ìdáhùn mẹ́rin. Bí mi ò bá mọ ìkan, n óò fò ó, n óò padà wá bá a. Ìbéèrè náà á ṣì wà níbi tí mo fi í sí, á máa dúró dè mí. Mo ń sun oorun wákàtí mẹ́jọ, mo ń lọ sí ìdánrawò akọrin, mo sì ń rojọ́ pé ilé ìwé ń pa mí. Mo jáde pẹ̀lú èsì tó dára, mo sin ilẹ̀ bàbá mi fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, yunifásítì tuntun kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀ lọ́nà Ìgbẹ́sà sì gbà mí láti wá ka ìṣègùn. Ọdún kejì ni wọ́n fi mí sí, láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún tó kọjá. Gbogbo wọn ló ń pè mí ní Bọ̀dá.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé nǹkan yàtọ̀. Ọwọ́ nìkan, láti èjìká dé ìka, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a lò lórí rẹ̀, ó sì gba ìwé méjì. Iṣan kan á kúrò lọ́rùn, á gba abẹ́ apá, á pín sí méjì, orúkọ rẹ̀ á tún yí padà kó tó dé ọrùn ọwọ́, bíi gbèsè tó sá kúrò nílùú. Ẹ̀rù yẹ kó ti bà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí kan lọ́wọ́, etí rẹ̀ máa ń di díẹ̀. Mo ní wíwọlé ló le nínú ìṣègùn, èmi sì ti wọlé.

Ìdánwò ńlá kan wà lópin ọdún náà. Ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní ka ìṣègùn mọ́ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọn óò ní kó lọ kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bẹ̀rù pé wọn óò lé àwọn lọ sí Bayokẹ́mísìrì. Èmi ńkọ́? Mo ti ka Bayokẹ́mísìrì tán! Mi ò ní ibi kankan tí wọ́n lè lé mi lọ, àfi ilé Màámi.

Apá kan nínú ìdánwò náà ni wọ́n ń fi agogo ṣe. Àwọn dókítà ní orúkọ òyìnbó gígùn kan fún un, ṣùgbọ́n ìdánwò agogo ni mo máa ń pè é. Wọ́n á to tábìlì yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n á gbé eegun tàbí ẹ̀yà ara kan lé tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ olówùú gún ojú ibi tí wọ́n fẹ́ kí o dárúkọ. Ìṣẹ́jú kan lo ní nídìí tábìlì. Bí agogo bá ti dún, o ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, o ò gbọdọ̀ padà. Ní Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, ilé ìwé ṣètò pé kí gbogbo wa wá fi ọjọ́ kan ṣe ìdánrawò rẹ̀.

Mi ò lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣàngó ló pè mí pé kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa bí ìṣègùn ṣe rí sí ẹ̀kọ́ tí mo kà ṣáájú rẹ̀. Mo wọ kóòtù mi, mo di gbohùngbohùn mú. Mo ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ò le tó bí ayé ṣe ń pariwo rẹ̀. Ọdún mẹ́rin tó ṣáájú ló le. Ẹni tó bá ti la ìyẹn kọjá, ìyókù kì í ṣe nǹkan kan." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màámi tó jẹ́ aṣọ́nà, tó ń fi èèyàn sí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, ń nu ojú. Pásítọ̀ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, ó ní a ò ní dúró de èsì kankan, ọjọ́ Ìsinmi tó máa tẹ̀ lé ìdánwò gan-an ni ìdílé wa yóò ṣe ìdúpẹ́, nípa ìgbàgbọ́. Gbogbo ìjọ ní àmín. Èmi ni àmín tèmi ròkè jù.

Nígbà tí a délé, Màámi gbé ìgò òróró tí pásítọ̀ ti gbàdúrà sí fún mi. Ó ní, "Kán an sí bírò rẹ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ìkán kan ti tó o." Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo padà sílé ìwé. Tọ́lá, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, bá mi níwájú ilé ìkàwé.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò wá lánàá. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe máa ń lọ fún yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tọ́lá, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìdánwò tí mo ti ṣe láyé yìí, o ò lè kà á tán."

"Ó dáa, sà. Àmọ́ ẹ ṣáà rántí o, tí ẹ bá ti dé ìdí àga, ẹ jókòó."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rò pé ó ń fi ọjọ́ orí mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé bàbá àgbà kíláàsì gbọ́dọ̀ máa sinmi ẹsẹ̀. Mo ní, "Ṣé mo ti darúgbó lójú ẹ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n gbà bí oògùn, èébú ni mo kà á sí.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́. Mo gbé bírò, mo gbé òróró. Mo kán ìkán kan, mo wò ó, ó dà bíi pé ó kéré. Mo rántí gbogbo iṣan ọwọ́, mo rántí agbárí pẹ̀lú gbogbo ihò ara rẹ̀, mo ní Anátómì kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkán kan bá jà. Mo da ìdajì ìgò sínú ọ̀rá, mo ki bírò bọ̀ ọ́, mo so ó, mo fi í sápò àyà kóòtù mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kí n tó rìn dé gbọ̀ngàn, ọ̀rá ti jò. Òróró ti ya àwòrán bíríkítí sí mi láyà, ó ti ṣàn dé apá kóòtù. Mo ní ìyẹn náà, ìbùkún ni.

Agogo dún. Tábìlì kìíní, eegun èjìká. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́. Ìkejì àti ìkẹta, mo mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Inú mi dùn, mo ní ṣé ohun tí wọ́n ń pariwo náà rèé. Nígbà tí mo dé tábìlì kẹrin, bírò ń yọ̀, kò kọ. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò kọ. Mo wo ìwé ìdáhùn mi, ó ti ń dán bíi bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ìka mi láti òdì kejì. Agogo dún. Ní tábìlì karùn-ún, mo fi apá kóòtù nù ún. Ẹ rántí pé apá kóòtù yẹn náà ti mu òróró. Ohun tó wà lójú kan tẹ́lẹ̀ tàn dé ojú méjì. Ní tábìlì kẹfà, mo fi agbára kọ ọ́, bébà ya. Agogo tún dún.

Láti ibẹ̀ ni mi ò ti wo nọ́ḿbà ara tábìlì mọ́. Ibi gbígbẹ lára bébà ni mò ń wá. Mo kàn ń rìn bí agogo bá ṣe dún, mo ń kọ ìdáhùn sí ojú ilà tó kàn. Bírò ṣáà ń kọ, ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe kúrò ní tábìlì kẹwàá, mo bá ara mi níwájú ibì kan tí kò sí eegun, tí kò sí abẹ́rẹ́, tí kò tilẹ̀ sí tábìlì. Àga onígi kan ló dá dúró.

Mo wò ó. Mo yí i ká. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn. Kò sí nǹkan kan. Mo wá rántí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ìyá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gbọ́n bí ahun. Mo ní, "Áà, ìyá yìí! Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń ronú." Kí ni a ń fi àga ṣe? A ń jókòó lé e. Kí ni a fi ń jókòó? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo kọ orúkọ eegun ìdí tí a fi ń jókòó sílẹ̀. Kí ó má baà ní mi ò ṣe é tán, mo fi orúkọ ẹran tó bo eegun náà kún un, àti iṣan tó ń gbé e. Bí ọwọ́ mi ṣe yá lórí àga yẹn, kò yá bẹ́ẹ̀ lórí ìkankan nínú àwọn tó kù.

Mo ń lọ, mo ń kọ. Nígbà tí mo dé ìdí tábìlì tó gbẹ̀yìn, mo wo ìwé mi láti kọ ìdáhùn, mi ò rí àyè. Ojú ilà ogún ti kún. Mo gbójú sókè, mo rí nọ́ḿbà ara tábìlì náà gàdàgbà: ogún. Mo ka ìwé mi láti òkè, mo ka tábìlì láti ọ̀ọ́kán, ìkan ṣì lé. Ibi tí mo ti ń kà á lẹ́ẹ̀kejì ni agogo ti dún, wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ mi.

Tọ́lá bá mi níta. Ẹ̀yìn mi ló ti ń tẹ̀ lé mi bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò jókòó? Mo rí yín tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ń wo abẹ́ àga."

Mo ní, "Kí ni wọ́n fi síbẹ̀ gan-an?"

"Wọn ò fi nǹkan kan síbẹ̀, sà. Ibi ìsinmi ni. Wọ́n ń fi àga síbẹ̀ kí èèyàn lè mí díẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó wá jókòó, sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú kóòtù funfun mi.

Mi ò lè sọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí tán. Mi ò lè jẹun. Màámi ń pè mí lójoojúmọ́ pé òun ti rán aṣọ ìdúpẹ́ tán, pé àwọn ará Ìkìrun ń bọ̀, pé bàbá mi ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí kì í ṣe. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, n óò sunkún. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù ìtìjú nìkan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ ẹ láti kékeré, mo wá fi ọwọ́ ara mi da òróró sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó fi ìka méjì gbé ìwé mi sókè bí ẹni gbé ẹja.

"Ìwọ lo ni èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Mo rò pé o jẹ àkàrà lórí rẹ̀ ni. Nọ́ḿbà kọkànlá, eegun ọwọ́ ni mo gbé síbẹ̀. Ìwọ kọ eegun ìdí, o tún kọ ẹran rẹ̀, o tún kọ iṣan rẹ̀. Níbo lo ti rí ìdí lára ọwọ́?"

Kò sí irọ́ tó lè gbà mí. Mo ní, "Àga ni, mà. Mo rò pé ìbéèrè ni àga náà."

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ìyá tí kì í rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í mì, omi dé ojú rẹ̀, ó fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé àga síbẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn rí." Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tètè tún ojú rẹ̀ ṣe.

"Méje lo gbà nínú ogún. Ohun tó kù tọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú ilà ẹlòmíràn lo kọ wọ́n sí. Bí o bá di dókítà, tí o fún ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejìlá ní oògùn ẹni tó wà ní ìkọkànlá, ṣé wàá sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé oògùn náà dára, pé ó kàn fi ìkan yẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn. Mo ní, "Rárá, mà."

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Òfin wa gbà pé kí ẹni tí ìwé rẹ̀ bá bàjẹ́ dáhùn lẹ́nu. Tìẹ ò bàjẹ́ nìkan, ó kù díẹ̀ kó dín." Ó fa àpótí eegun jáde, ó nawọ́ sí àga iwájú tábìlì rẹ̀. "Jókòó."

Mi ò tètè jókòó. Mo ń wo àga náà bóyá ó ní nọ́ḿbà.

"Ibi ìsinmi ni," ó wí. "Jókòó!"

Mo jókòó. Ó ń gbé eegun lé mi lọ́wọ́, mo ń dárúkọ rẹ̀, ó ń bi mí ohun tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo ń sọ ọ́. Òógùn bò mí. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò kà á mọ́. Nígbà tó yá, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní, "Àádọ́ta ni à ń gbà kọjá. O gba méjìléláàádọ́ta. Máa lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Ara mi fúyẹ́, oòrùn ọ̀nà Ìgbẹ́sà dà bí omi tútù lára mi. Mo kígbe "Ọlọ́run, o ṣé!" ẹni tó ń fi ọ̀kadà kọjá sì dáhùn àmín. Mo pe Màámi pé mo ti yege.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Mo ti sọ fún ẹ pé òróró yẹn á ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Màámi, òróró yẹn ṣiṣẹ́ gan-an ni."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jó dé iwájú pẹpẹ, bàbá mi pẹ̀lú, kí Màámi tó padà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Pásítọ̀ tún na gbohùngbohùn sí mi. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ ọjọ́sí tí wọ́n ti ṣí ìwé sílẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, ojú sì tì mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa igi lé ohun tí mo sọ fún yín nígbà yẹn. Nínú ẹ̀kọ́ tí mo kà ṣáájú, ìbéèrè máa ń dúró dè mí. Nínú ìṣègùn, agogo ò dúró de ẹnì kan. Ohun tí mo mọ̀ ò tó, àfi kí n mọ̀ ọ́n lásìkò, kí n sì kọ ọ́ sójú rẹ̀." Mo wá sọ ìtàn àga fún wọn, mi ò fi ìkankan pamọ́. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí tí onídùùrù fi gbàgbé orin. Nígbà tí mo dé orí ìdajì ìgò, ohùn kan sọ láti ẹnu ọ̀nà, láàárín àwọn aṣọ́nà, tó borí gbogbo wọn: "Ìkán kan ni mo ní o!"

Mo ti di dókítà báyìí, Ṣàngó níbẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń ka nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ní àṣà mi ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, Tọ́lá ló sì gbọ́n jù mí lọ lọ́dún yẹn. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá ti rí àga òfìfo, mi kì í bi í léèrè ohunkóhun. Mo máa ń jókòó ni, n óò sì rẹ́rìn-ín ara mi díẹ̀ kí n tó dìde.